Bí Bàbá Ràímì Ṣe Ṣèwádìí Ìdílé Kọ̀ǹpútà Méjì

Àwọn tó wá kí wa kú àṣẹ̀yìndè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń sọ ọ́ léraléra pé onísùúrù ènìyàn ni bàbá àgbà mi. Mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ìyá mi, mo ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí," ṣùgbọ́n inú ń bí mi díẹ̀. Onísùúrù wo? Ràímì tí mo mọ̀ yìí, tó máa ń ṣí ìkòkò wò kí omi tó hó, tó máa ń bá lèmọ́mù jà pé ìrun rẹ̀ gùn jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba bàbá mi lórúkọ jẹ́. Bàbá ò ní sùúrù rárá. Ìbéèrè ló ní. Àwọn tó rí i tó jókòó ti nǹkan kan láti àárọ̀ dọ̀sán rò pé sùúrù ni, wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ni kò tíì tán.

Mi ò ní í sọ ìtàn ayé rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ló mọ ọdún tí wọ́n bí i, àwọn náà sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tó ṣe nígbà Sáàpù, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tí mo sì rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀.

Iṣẹ́ awọ ni Bàbá ń ṣe. Tìmùtìmù, àpò, bàtà, abẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Bóyá iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tí wọ́n gbé fún un tí kò ní í yí inú rẹ̀ síta. Iléyá ọdún kan, ó mú mi lọ ra bàtà ní ọjà Akẹ̀sán. Ó gbóòórùn bàtà náà, ó kan gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká a bí ẹni ká ewé. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"  Ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Bàbá yà sí, ó kí ìyá tó ń ta òwú níbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Àwọn tó ń ra bàtà lọ́wọ́ aládùúgbò yín yìí, ṣé wọ́n máa ń padà wá?"

Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Wọ́n máa ń padà wá o. Wọ́n máa ń wá bú u ni."

Bí a ṣe kúrò ní ọjà nìyẹn láìra bàtà. Mo sunkún délé. Ohun tó sọ fún mi lójú ọ̀nà ni pé, "Àjọkẹ́, ẹni tó ń tajà ò lè purọ́ fún mi, torí mi ò ní í bi í ní nǹkan kan."

Ẹ ò wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé òun ni agboolé wa máa ń rán bí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í kàn gbọ́ pé ọmọkùnrin kan fẹ́ ọmọ wa ká sì máa wá obì. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnìkan lọ ṣèwádìí. Ṣé wèrè ò sí nínú ìdílé yẹn? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé àwọn ìyàwó wọn máa ń pẹ́ nílé? Bàbá ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Kì í dé ilé ọkọ rárá. Ilé aládùúgbò ló máa ń lọ, á ní kí wọ́n bu omi fún òun, á mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí omi náà tó tán, wọ́n á ti tú gbogbo àṣírí ilé kejì fún un. Mo bi í nígbà kan bóyá òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó ní, "Omi wọn ò dáa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn dáa létí."

Ọ̀kan péré ló bàjẹ́ nínú gbogbo ìwádìí rẹ̀, tọmọ tirẹ̀ sì ni. Àǹtí Rámátù, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kọ́ṣẹ́ títẹ tàípúráítà, ìka rẹ̀ sì yá débi pé àwọn èèyàn máa ń dúró wò ó. Ọkọ tó fẹ́, ará Ìlọrin ni. Bàbá lọ sí Ìlọrin lọ ṣèwádìí, ó pẹ́ níbẹ̀, ó bi aládùúgbò, ó bi àwọn ará mọ́sálásí, ó bi àáfàá tó kọ́ ọkọ ní kéwú. Ìdílé mọ́ tónítóní. Wọ́n so yìgì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Lọ́jọ́ tí Àǹtí lọ kí aláboyún kan, ọkọ gbé tàípúráítà rẹ̀ tà. Nígbà tí Àǹtí bèèrè, ó gbá a létí. Bí Àǹtí Rámátù ṣe padà sí Ọ̀yọ́ nìyẹn pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, ó wọ yàrá, ó sì dákẹ́. Ẹ̀rù dídákẹ́ rẹ̀ ń bà mí ju ẹkún lọ.

Àwọn àna ránṣẹ́ pé lẹ́yìn Iléyá, àwọn ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀, àwọn á sì mú ìyàwó àwọn lọ. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá àgbà, wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Ó ní, "Ilé ọkọ wo ni wàhálà ò sí? Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá dé, kí lẹ fẹ́ wí? Kí ni Rámátù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbí? Obìnrin tí ò ní iṣẹ́, ilé ọkọ nilé rẹ̀."  Bàbá mọ̀ pé bí Rámátù ò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé, ẹbí á fi ọ̀rọ̀ yí i mọ́lẹ̀, á sì padà sí Ìlọrin. Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun tí wọ́n ń fi tẹ ìwé báyìí."

Bùrọ̀dá Wálé, ọmọ aládùúgbò wa tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó ń kọ́ni ní Ọ̀yọ́, ló sọ fún un pé kó má ra tàípúráítà mọ́. Ó ní àwọn tó ń lò ó pọ̀ nígboro bí eṣú, pé kọ̀ǹpútà ló kù. Bí o bá ṣìṣe nínú kọ̀ǹpútà, o kàn máa pa á rẹ́ ni, kò ní í jẹ́ kí o tún gbogbo ìwé tẹ̀. Ohun tí o tẹ̀ lọ́dún yìí, ó lè fi pamọ́ fún ọ di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tíṣà tó ń gbé ìbéèrè ìdánwò lọ sí Ìbàdàn lọ tẹ̀, Rámátù ni wọ́n á máa gbé e wá bá. Òun náà ní ọ̀kan tó fẹ́ tà.

Dúdú ni, kò tóbi ju ìwé kíkà méjì lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà. Bàbá sọ ọ́ ní Adú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifísọ̀n, wọ́n á so ó mọ́ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, rédíò á máa ké wìnrìnwìnrìn títí, àyà èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já, lẹ́yìn náà ni àwòrán á yọ. Àwọ̀ oríṣiríṣi! Ọkùnrin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fo kòtò. Ẹ wò ó, mo nífẹ̀ẹ́ Adú. Bí wọ́n bá ní kí n fẹ́ ẹ, mo gbà. Mo di alágbàwí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ fún Bàbá láàárọ̀ lálẹ́ pé kò wọ́n, pé ó fúyẹ́, pé ó láwọ̀. Bàbá ní, "Àwọ̀ ni wọ́n á fi tẹ ìdánwò?"

Kò bi Bùrọ̀dá Wálé ní nǹkan kan o. Ọ̀dọ̀ atúntẹlifísọ̀nṣe ní Òwódé la gbà lọ. Bàbá jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó mu ún díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ dúdú tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifísọ̀n yìí, ṣé wèrè ò sí nínú ìdílé rẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tí irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ó dáhùn bí ọmọlúwàbí. Ó ní kò sí wèrè, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, ó máa ń gbàgbé ohun tó ń sọ.

"Wárápá nìyẹn," ni Bàbá wí. "Àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́?"

"Tẹlifísọ̀n ni ẹbí rẹ̀, Bàbá, àti rédíò. Àwọn yẹn kún ìlú. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí ni."

Inú Bàbá dùn sí èyí. Ẹni tó ní wárápá ṣùgbọ́n tó lẹ́bí, ó ní wọ́n á gbé e bó bá ṣubú.

Èkejì tí wọ́n júwe fún wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Súlè, onírédíò kan ní Takie. Èyí ò nílò tẹlifísọ̀n ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú tirẹ̀, ojú aláwọ̀ ewé tí lẹ́tà máa ń hàn lórí rẹ̀ kedere. Ó ní ibi tí wọ́n ń ki àwo pẹlẹbẹ bọ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kíá láìké. Ó tún ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, tí ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ó sì wúwo! Bàbá gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e padà, ó ní, "Èyí ti kó ọmọ dání wá sílé ọkọ." Bó ṣe di Ìyá Ńlá nìyẹn.

Kò tẹ́tí sí gbogbo ohun tí Ọ̀gá Súlè ń kà sílẹ̀. Ó sọdá sọ́dọ̀ fọgaináísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, ó mu omi tiẹ̀ náà. Fọgaináísà ní tíṣà kan ra irú rẹ̀, kò sì padà wá bú ẹnikẹ́ni. Wèrè ò sí, wárápá ò sí. Ṣùgbọ́n àwo tó ń jẹ, kò sẹ́ni tó ń tà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́. Ìbàdàn ni, níbẹ̀ náà, wọ́n á ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi orí. "Àjèjì ni," ó wí. "Bó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ni wọ́n á ránṣẹ́ pè?"

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Owó Adú, Bàbá lè san án kó má mì. Ti Ìyá Ńlá, àfi kó fọwọ́ kan owó Mẹ́kà. Gbogbo ilé ló mọ̀ nípa owó Mẹ́kà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó bá ta àpò, á mú díẹ̀, tó bá ta tìmùtìmù, á mú díẹ̀. Èmi alágbàwí Adú ò jẹ́ kó gbàgbé. Mo ní bí a bá ra Ìyá Ńlá, ta ló fẹ́ di Àlàájì? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àjọkẹ́, bí wọ́n bá ń wá lọ́yà, wọ́n á gbà ọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò sí Adú. Bàbá fúnra rẹ̀ ti pinnu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ọmọ, tí a ò fẹ́ fún lọ́mọ, a kì í dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. A máa ń lọ sọ fún un ni. Nítorí náà, Bàbá ní a gbọ́dọ̀ lọ sí Takie lọ kọ Ìyá Ńlá bó ṣe yẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe àna, kò gbà. Ọ̀gá Súlè ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kó gbé Adú dání kí àwọn jọ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀, Bàbá tó fẹ́ràn láti borí sì yá Adú lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Wálé, ó fi agbádá àtijọ́ wé e. Ó ní kí Àǹtí Rámátù náà tẹ̀ lé wa kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. 

Ọ̀gá Súlè so Adú mọ́ tẹlifísọ̀n kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ńlá. Bàbá dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí, ó kí i, ó kí ìdílé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Ó sọ ti àwo tí ò sí nílùú, ó sọ ti ẹbí, ó sọ ti owó. Èmi náà ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ara ta Ọ̀gá Súlè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló fẹ́ lò ó gan-an?"

Bàbá nawọ́ sí Àǹtí Rámátù. "Ọmọ mi rèé."

"Kí lòun wí sí i?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bàbá Ràímì, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wí: ṣé ẹ rí ọjọ́ kan rí tí kò rí èsì fọ̀? Mo rí i lọ́jọ́ náà.  Ó yíjú sí Àǹtí, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ ká jáde."

Gbogbo wa jáde, a fi Àǹtí nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjèèjì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, àwọn èèyàn ń ná ọjà, àwa ń gbọ́ bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ò wojú mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo bi gbogbo Ìlọrin," ó wí.

Mo yíjú sí i.

"Mo bi gbogbo Ìlọrin, Àjọkẹ́."

Ìgbà yẹn ló yé mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé mo gbàgbé Adú. Nínú gbogbo ìwádìí tó ṣe nípa ọkọ Rámátù, Rámátù ni kò bi. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ìyàwó ni. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Àǹtí jáde. Ó wolẹ̀, ó ní, "Adú náà dáa, Bàbá. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n."

Bàbá ní, "Mi ò bi ọ́ ní ti owó. Ìka rẹ ni mo ń bi."

Ó bú sẹ́kún. Àárín ẹkún yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó dún dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ti Ìlọrin dé. Ó ní bọ́tìnnì Adú ń gbé lẹ́tà mì, pé bí òun bá ti ń sáré, kò lè bá òun sáré, àti pé ìlà tó hàn lójú rẹ̀ kúrú jù, èèyàn ò lè mọ bí ìwé á ṣe rí. Ó ní kò tilẹ̀ ní ohun tó fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí a bá ra ìyẹn lọ́tọ̀, tí a tún ra tẹlifísọ̀n kí àwọn ará ilé má bàa bá òun jà, ṣé owó ọ̀hún ò ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkejì dọ́gba? Ìyá Ńlá, gbogbo ohun tí òun tẹ̀ ló gbà. Ti àwo, òun á máa lọ sí Ìbàdàn fúnra òun.

Ẹnu yà mí. Ó ti mọ gbogbo èyí, ó kàn jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ wa bí a ṣe ń pariwo nípa wárápá.

Bàbá wọlé, ó sì bá Ọ̀gá Súlè ná an títí tí òógùn fi bò wọ́n. Ẹ má rò pé ó yí padà di ẹlòmíràn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kó owó Mẹ́kà, ó fi ra Ìyá Ńlá. Ó padà tọ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ìnáwó ilé àti ìwé kíkà wa ò jẹ́ kó pé mọ́. Kò lọ Mẹ́kà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo máa ń bínú nítorí èyí, mo ṣì ń bínú báyìí, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo bi í nígbà tó darúgbó bóyá ó dùn ún. Ó ní, "Ó dùn mí gan-an. Mo tún máa ṣe é."

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn àna dé láti Ìlọrin, wọ́n wọ agbádá, wọ́n gbé obì àti àádùn dání. Bàbá Kékeré ti tẹ́ ẹní dè wọ́n. Olórí wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin la mọ̀. Ọwọ́ yín la ti gbà á, ọ̀dọ̀ yín náà la tún wá. Ẹ bá wa dárí ji ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa máa bá wa lọ." Ó sọ ọ́ dáadáa. Bàbá Kékeré ń mi orí. Nínú yàrá, Ìyá Ńlá ń fa aṣọ ya, ìdánwò ilé ìwé kan ló ń jáde.

Bàbá ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ kú wàhálà. Ẹ ò bi ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bi."

Ó pe Àǹtí Rámátù. Ariwo dákẹ́. Àǹtí jáde pẹ̀lú tàdáwà lọ́wọ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá ò jẹ́ kó kúnlẹ̀. Ó dìde lórí tìmùtìmù rẹ̀, ó ní kó jókòó síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró.

"Ẹ bi í," ó wí.

Àwọn ọkùnrin náà ń wo ara wọn. Ó hàn pé wọn ò bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin rí. Nígbà tó ṣe, olórí wọn ní, "Ìyàwó wa, ṣé wàá bá wa lọ?"

"Rárá o," ni Àǹtí Rámátù wí. "Mi ò lọ."

Olórí àwọn àna yíjú sí Bàbá kíá, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà bá òun bá ọmọdé wí. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń wí?"

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ kí n tó jẹ obì yín àkọ́kọ́."